Ọ̀ṣọ́ àárín tábìlì tó ṣe é jẹ: ìbéèrè àti ìdáhùn nípa èso tí a tò fún àríyá láìdáná

Ní ọ̀pọ̀ òde àríyá wa, òdòdó ike ni wọ́n máa ń gbé sí àárín tábìlì. Ó lẹ́wà lójú, àmọ́ bí oúnjẹ bá pẹ́, kò sí ẹni tó lè fi í panu. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń fi èso rọ́pò òdòdó yẹn nínú ìnáwó ẹbí àti ti ọ̀rẹ́, àwọn èèyàn sì máa ń pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti béèrè bí mo ṣe ṣe é. Àwọn ìbéèrè wọn nìyí. Kí ẹ tó kà á síwájú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: jíjẹ ni a ṣe é fún. Bí àlejò bá ń wo èso náà, tí ẹ̀rù ń bà á láti nawọ́ sí i, iṣẹ́ kò tíì pé.

Kí ni ìyàtọ̀ láàárín èyí àti àwo èso lásán?

Gíga rẹ̀ ni. Àwo èso tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹni tó jókòó kì í rí i dáadáa àfi tó bá dìde. Ọ̀ṣọ́ àárín tábìlì máa ń dúró sókè, ọmọ tó ń sáré kọjá á rí i, màmá tó jókòó sí kọ̀rọ̀ náà á rí i. Síbẹ̀, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ó ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Àwọn tó dojú kọra nídìí tábìlì wá bára wọn sọ̀rọ̀ ni, ẹ má fi ọ̀pẹ̀ òyìnbó dí wọn lójú.

Ta ló kọ́kọ́ fi èso ṣe irú nǹkan báyìí?

N kò lè nàka sí ẹnì kan, àmọ́ ìtàn ọ̀pẹ̀ òyìnbó wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Ní 1493, Columbus àtàwọn ọkùnrin rẹ̀ rí i ní erékùṣù Guadeloupe, wọ́n sì gbé òkìkí rẹ̀ dé Yúróòpù. Nígbà tó máa fi di nǹkan bí 1700 sí 1800, ó wọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì débi pé àwọn èèyàn ń háyà rẹ̀ fún alẹ́ kan péré. Wọ́n á gbé e sí àárín tábìlì kí àlejò lè rí i, wọ́n á sì dá a padà lọ́jọ́ kejì. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó kan náà á máa ti òde kan bọ́ sí òde kejì títí yóò fi rà. Ẹ wá wò ó, ohun tí wọ́n ń háyà wò yẹn, ẹ̀gbẹ́ títì ni wọ́n ń tò ó sí lọ́dọ̀ wa. Kò sí ìdí tí a ó fi gbé e kalẹ̀ kí a má gé e.

Ìdána la fẹ́ ṣe. Ṣé mo lè gé àwọn èso tí ìdílé ọkọ gbé wá, kí n fi wọ́n ṣe é?

Rárá o. Èso tó wà nínú ẹrù ìdána, ìyẹn ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, àgbọn, ọsàn àtàwọn yòókù, odidi ni wọ́n gbé e wá, odidi ló sì gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ìdílé ìyàwó. Àwọn ni wọn yóò pín in. Ẹ ra èso tiyín lọ́tọ̀ fún tábìlì àlejò.

Bákan náà ni níbi ìsọmọlórúkọ. Oyin, iyọ̀, obì, orógbó, ataare: oníkálukú wọn ló ní àdúrà tí wọ́n ń fi í ṣe. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti gún orógbó mọ́ igi pẹ̀lú gíréépù kí ó lè dùn ún wò, inú mi kò sì dùn sí i. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ nínú àwo tiwọn. Ìrèké nìkan ni mo máa ń yá lò, mo sì máa sọ bí mo ṣe ń lò ó nísàlẹ̀.

Èso wo ni kí n rà, báwo ni màá sì ṣe mọ èyí tó dára?

Ìdí ọ̀rọ̀ gan-an la dé yìí. Bí èso kò bá dùn, kò sí ọ̀ṣọ́ tó lè bò ó mọ́lẹ̀.

Ọ̀pẹ̀ òyìnbó ni mo fi ń ṣe ọba. Ẹ gbọ́ òórùn ìdí rẹ̀: bó bá ń ta sánsán, ó ti tó gé; bí kò bá ní òórùn kankan, ẹ fi í sílẹ̀ fún oníǹkan. Bí wọ́n bá ti gé e lóko tán, adùn rẹ̀ kì í lé sí i mọ́, ẹ má sọ pé ẹ máa gbé e pamọ́ kí ó lè dùn. Àwọ̀ nìkan kò tó láti fi mọ̀ ọ́n. Èyí tí wọ́n ń gbìn ní agbègbè Allada ní orílẹ̀-èdè Benin, tí wọ́n ń pè ní pain de sucre, tútù yọ̀yọ̀ lèèpo rẹ̀ máa ń wà tó fi pọ́n, inú rẹ̀ sì funfun, ó dùn bí oyin. Ní 2021, wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin gẹ́gẹ́ bí èso tó jẹ́ ti ilẹ̀ ibẹ̀. Bí ẹ bá ń gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá bọ̀ láti ọ̀hún, ẹ rà á, ẹ má wo ti àwọ̀ ewé rẹ̀.

Bàrà olómi, tí àwọn oníṣòwò ń pè ní wọ́tàmẹ́lọ̀n, ẹ gbé e wò. Kí ó wúwo ju bó ṣe rí lójú lọ. Ẹ yí i padà, ẹ wo ibi tó fi sùn sílẹ̀ lóko: bí àmì ibẹ̀ bá funfun bí ẹyin ẹyẹlé, kò pẹ́ lóko, bó bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí bọ́tà, ó gbó dáadáa.

Ìbẹ́pẹ tó ti rọ̀ pátápátá kò ṣe é gún. Èyí tó pọ́n dé ìlàjì, tó ṣì le díẹ̀ bí ẹ bá fìka tẹ̀ ẹ́, ni kí ẹ mú. Kùkúḿbà àti kárọ́ọ̀tì máa ń fún wa ní ohun tó ń rún lẹ́nu láàárín adùn. Gíréépù kò pọn dandan, ó wọ́n, àmọ́ ó máa ń dí àlàfo dáadáa.

Máńgòrò, bí àkókò rẹ̀ bá dé, ẹ lò ó. Agbálùmọ̀ náà, láti oṣù Kejìlá títí di nǹkan bí oṣù Kẹrin: bí ẹ bá gé e ní ìbú, ìràwọ̀ ni ẹ ó rí láàárín rẹ̀. Oje rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ, ẹ fi òróró díẹ̀ pa ọ̀bẹ náà kí ẹ tó gé e. Odidi ni mo máa ń tò yí ìdí ọ̀ṣọ́ náà ká, màá sì gé méjì tàbí mẹ́ta péré fún ojú láti rí.

Kí ni yóò gbé gbogbo rẹ̀ dúró?

Kábéèjì. Odidi kábéèjì ńlá kan, tó le, tí a gé ìdí rẹ̀ kí ó lè jókòó dáadáa. Igi súyà máa ń wọ inú rẹ̀ láìlágídí, ó sì máa ń dì í mú. Àwọn kan ń lo bàrà olómi tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Ó dára, àmọ́ èèpo rẹ̀ le, ẹ ní láti kọ́kọ́ fi irin ṣóńṣó tó mọ́ lu ihò sí i, omi rẹ̀ á sì máa jò sórí aṣọ tábìlì.

Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ lò ni fóòmù aláwọ̀ ewé tí àwọn olódòdó ń gún òdòdó sí. Kẹ́míkà ló wà nínú rẹ̀, ó máa ń rún, ẹ̀rún rẹ̀ á sì bá igi wọnú èso. Kì í ṣe ohun tó yẹ kó kan oúnjẹ.

Ẹ bá wa ṣàlàyé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Tábìlì èèyàn mẹ́wàá ni.

Igi súyà 40, ìyẹn mẹ́rin fún ẹnì kan. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó ńlá kan, bàrà olómi tó mọ níwọ̀n kan (ìlàjì rẹ̀ ni ẹ ó gé, ìlàjì á wà ní ìpamọ́), ìbẹ́pẹ kan, kùkúḿbà méjì, gíréépù bí 40, kábéèjì kan, àwokòtò kan tó wúwo, àti ewé. Ewé eéran tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín ló bá mi lára mu jù, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà dára.

Ẹ gé orí ọ̀pẹ̀ òyìnbó tewétewé, kí ẹran rẹ̀ bí ìka méjì bá a lọ. Ẹ má sọ orí náà nù, adé wa nìyẹn. Ẹ bó ìyókù, ẹ yọ igi àárín rẹ̀, ẹ gé e sí ìwọ̀n ẹnu kan. Ẹ gé bàrà àti ìbẹ́pẹ bákan náà. Lẹ́yìn náà ni ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ní sùúrù fún: ẹ da àwọn èso olómi sínú ajọ̀ tàbí asẹ́, kí wọ́n ro fún bí ìṣẹ́jú 15. Èso tí kò ro máa ń yọ̀ lórí igi, á sì rọra máa bọ́ sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan níṣojú àlejò.

Ẹ gún èso mẹ́rin sórí igi kọ̀ọ̀kan. Kí èyí tó le wà nísàlẹ̀, ọ̀pẹ̀ òyìnbó tàbí kùkúḿbà, kí ó lè gbé èyí tó rọ̀ dúró. Gíréépù ló máa ń wà lókè pátápátá. Ẹ bo kábéèjì inú àwokòtò náà pẹ̀lú ewé, ẹ fi igi kan gún orí ọ̀pẹ̀ òyìnbó mọ́ góńgó rẹ̀, ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í gún igi èso láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ní òbírí-òbírí. Ti ìsàlẹ̀ á dojú kọ ẹ̀gbẹ́, ti àárín á dà bí ẹni ń na ọwọ́ sókè, ti òkè á dúró ṣánṣán. Bí ẹ bá gún ẹ̀gbẹ́ kan tán kí ẹ tó kọjú sí èkejì, yóò wó. Ẹ máa yí i kiri.

Nípa ìrèké tí mo sọ: bí ẹ bá rí èyí tó le, ẹ bó o, ẹ là á sí pẹlẹbẹ tín-ín-rín, ẹ fi í rọ́pò igi súyà fún èso tó rọ̀ bí ìbẹ́pẹ. Ẹ fi ọ̀bẹ lu ihò sí èso náà kí ìrèké tó wọ̀ ọ́. Àlejò á jẹ èso tán, á tún jẹ igi. Mo máa ń rí inú dídùn lójú àwọn àgbàlagbà nígbà tí wọ́n bá mọ̀ pé ìrèké ni.

Mi ò ní àkókò tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ṣé kò sí èyí tó rọrùn?

Ó wà. Ẹ bó ọ̀pẹ̀ òyìnbó méjì, ẹ gé wọn róbótó-róbótó, ẹ yọ àárín, ẹ tún wọn tò léra bí ẹni pé ẹ kò gé wọn rárá. Ẹ ki igi súyà méjì bọ àárín wọn, kí ẹ dé e ní adé ewé rẹ̀. Ẹ to agbálùmọ̀ tàbí gíréépù yí i ká, ẹ gbé ẹ̀mú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò gbà ju ìdajì wákàtí lọ.

Ìgbà wo ni kí n gé e? Sátidé, aago méjì ọ̀sán ni wọ́n kọ sínú ìwé ìpè.

Gbogbo wa la mọ̀ pé aago méjì ìwé ìpè kì í ṣe aago méjì àlejò. Ọjọ́bọ̀ ni kí ẹ ra èso. Ní alẹ́ Ẹtì, ẹ fọ̀ wọ́n, ẹ gé ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti bàrà, ẹ dé wọn sínú ike, ẹ gbé wọn sínú fìríìjì. Bí iná bá ń ṣe ségesège ládùúgbò yín, ẹ lo kúlà tí omi dídì kún inú rẹ̀, tàbí kí ẹ dúró kí ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé mọ́ kí ẹ tó gé ohunkóhun. Ìbẹ́pẹ, kùkúḿbà àti gígún wọn sórí igi di òwúrọ̀ Sátidé. Inú gbọ̀ngàn gan-an ni kí ẹ ti tò ó sórí kábéèjì. Ẹ má ṣe gbé e wọ mọ́tò lẹ́yìn tí ẹ bá ti tò ó tán. Mo ti dán an wò, kòtò títì kan ṣoṣo ló fi gbogbo rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀ mọ́tò.

Báwo ló ṣe lè pẹ́ tó lórí tábìlì?

Wákàtí méjì ni òpin èso tí a ti gé tí kò sí nínú òtútù. Bí ooru bá ju 32°C lọ, wákàtí kan péré ni. Lábẹ́ kánópì ní oṣù Kẹta, ẹ kà á sí wákàtí kan. Ọ̀bẹ ti já èèpo tó ń dáàbò bo èso náà, adùn àti omi rẹ̀ ti wà ní ìta, kòkòrò àìsàn sì fẹ́ràn ibi tó lọ́rinrin tó gbóná.

Nítorí náà, ìpín méjì ni mo máa ń ṣe é. Igi 20 á kọ́kọ́ jáde, igi 20 á wà nínú kúlà. Bí àlejò bá ti jẹ ti àkọ́kọ́ tán, ọ̀dọ́ kan á wá fi ìkejì dípò nínú kábéèjì kan náà. Ẹ tún lè gbé àwokòtò náà sínú tírè ńlá tó kún fún omi dídì. Ẹ fi àwọ̀n bò ó títí àlejò á fi jókòó nítorí eṣinṣin.

Ápù àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ mi máa ń dúdú. Kí ni mo lè ṣe sí i?

Afẹ́fẹ́ ló ń kan ẹran èso tí a gé, tó ń sọ ọ́ di àwọ̀ ilẹ̀. Kò bàjẹ́, àmọ́ kò wu èèyàn. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú omi, ẹ da èso tí ẹ gé sínú rẹ̀. Tàbí kí ẹ po ìdajì ṣíbí kékeré iyọ̀ mọ́ lítà omi kan, ẹ rẹ ápù sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ wá fi omi mímọ́ ṣàn án. Ti ọ̀gẹ̀dẹ̀, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé n kì í lò ó.

Ṣé kí n fi ọṣẹ tàbí omi iyọ̀ fọ èso?

Ẹ má fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, èso máa ń fa díẹ̀ mu. Omi tó mọ́, tó ń ṣàn, àti ọwọ́ tó ń fi agbára fọ̀ ọ́ ló dára jù. Ẹ fọ bàrà àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í jẹ èèpo wọn: ọ̀bẹ tó gba ara èèpo kọjá ló ń gbé ìdọ̀tí wọnú. Lẹ́yìn náà, ẹ nù wọ́n gbẹ. Ọ̀bẹ àti pátákó tí ẹ fi gé ẹran tútù kò gbọ́dọ̀ kan èso yìí rárá. Ibi tí wọ́n ti ń se àsè, ẹ mú tiyín lọ́wọ́ láti ilé.

Wọ́n ní wọ́n ń fi kábáìdì mú èso pọ́n. Kí la ó ṣe?

Òótọ́ ni, àjọ NAFDAC sì ti kìlọ̀ léraléra lórí rẹ̀. Kábáìdì tí àwọn wẹ́dà ń lò ni, ó sì lè ní àwọn májèlé bí arsenic nínú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀, máńgòrò àti ìbẹ́pẹ ló wọ́pọ̀ nínú wọn jù. Èmi máa ń ra ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n tán lọ́wọ́ ẹni tí mo mọ̀, màá fi ápù tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n tì í nínú àpò ìwé, á sì pọ́n fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Èyí ló jẹ́ kí n máa tètè lọ sọ́jà.

Àwọn ọmọdé máa pọ̀ níbẹ̀.

Ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa. Odidi gíréépù lè há ọmọ kékeré lọ́fun, kí ó sì dí èémí rẹ̀ pátápátá. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ẹ la gíréépù ní òòró, ẹ tún un là, kí ó di mẹ́rin. Kárọ́ọ̀tì tútù náà, ẹ rẹ́ ẹ. Igi súyà ní ṣóńṣó, ọmọ tó ń sáré pẹ̀lú igi lẹ́nu sì lè ṣèṣe. Àwo tiwọn ni mo máa ń ṣe lọ́tọ̀, láìsí igi, pẹ̀lú fọ́ọ̀kì ike. Bí ẹ bá fẹ́ fi oyin ta sórí èso, kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan má kàn án.

Ẹ béèrè nípa ẹ̀pà náà kí ẹ tó wọ́n ọn sórí ohunkóhun. Ẹni tí ara rẹ̀ kò gbà á wà láàárín wa, òmíràn kì í sọ ọ́ jáde.

Màmá mi ní àtọ̀gbẹ. Kí ni wọ́n lè jẹ níbẹ̀?

Ẹ tẹ̀ lé ohun tí dókítà wọn bá sọ. Ní tèmi, mo máa ń ya igi bíi mẹ́jọ sọ́tọ̀ tó jẹ́ kùkúḿbà, kárọ́ọ̀tì àti tòmátò kékeré, mo sì máa ń fi wọ́n sí apá ibi tí àwọn àgbà jókòó sí. Kí màmá má ṣe jókòó lásán nígbà tí ẹgbẹ́ wọn ń jẹun.

Ṣé mo lè ki òdòdó tòótọ́ sáàárín èso náà?

Bí ẹ kò bá mọ̀ dájú pé òdòdó náà ṣe é jẹ, ẹ má fi í kan oúnjẹ. Púpọ̀ nínú àwọn òdòdó aláwọ̀ yẹ́lò rírẹwà tí a ń gbìn sí iwájú ilé ló ní májèlé nínú oje wọn. Ewé ẹ̀fínrín ni kí ẹ lò. Ó ń ta sánsán, ó tútù lójú, a sì ń jẹ ẹ́.

Mo fẹ́ da jẹ́lì sínú èèpo bàrà, àmọ́ kì í dì.

Ọ̀pẹ̀ òyìnbó tútù tàbí ìbẹ́pẹ ni ẹ fi sí i. Àwọn èso méjèèjì ní ohun kan nínú tó ń tú jẹ́lì ká. Ohun kan náà yẹn nínú ọ̀pẹ̀ òyìnbó ló ń mú ahọ́n ta wá bí a bá jẹ ẹ́ jù. Ẹ fi ọ̀pẹ̀ òyìnbó inú agolo dípò rẹ̀, torí wọ́n ti fi iná sí i. Ẹ rántí pé ara ẹran ni wọ́n ti ń mú ọ̀pọ̀ jẹ́lì wá, ẹ ronú nípa àwọn àlejò tó jẹ́ Mùsùlùmí.

London la wà, oṣù Kejìlá ni ìnáwó wa.

Òtútù á bá yín ṣe ìdajì iṣẹ́, àmọ́ inú gbọ̀ngàn tí wọ́n tan ẹ̀rọ amúlégbóná sí kò yàtọ̀ sí ilé, wákàtí méjì ṣì ni. Bàrà ìgbà òtútù lọ́hùn-ún kì í fi bẹ́ẹ̀ dùn. Ẹ lo ọsàn kéékèèké tó rọrùn láti bó, gíréépù àti ápù pupa. Ẹ ra ọ̀pẹ̀ òyìnbó ní ọjọ́ méjì ṣáájú, ẹ gbóòórùn rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dídì wà ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ Áfíríkà àti ti Éṣíà.

Kí la ó fi èyí tó ṣẹ́kù ṣe?

Èyí tó ti wà lórí tábìlì ju wákàtí méjì lọ, tàbí ju wákàtí kan lọ bí ooru bá ju 32°C lọ, ẹ dà á nù, bó ti wù kí ó dùn yín tó. Èyí tó wà nínú kúlà tí omi dídì kò tíì yọ́ tán, ẹ gbé e délé, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ mu ún lọ́jọ́ kejì. Kábéèjì náà, ẹ ṣí àwọn ewé òde tí igi gún kúrò. Bí ẹ bá fọ̀ ọ́ dáadáa kí ẹ tó lò ó, inú rẹ̀ ṣì dára fún ọbẹ̀. Orí ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ẹ gé ẹran tó bá a lọ kúrò, ẹ já ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ kí ó gbẹ fún ọjọ́ méjì, ẹ gbìn ín sẹ́yìn ilé. Ó máa ń gbà tó ọdún méjì kí ó tó so.